Alárinà Òṣíbàtà

Bí ẹnì kan bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, tí mo sì dá a lóhùn pé òdòdó inú omi ni mo ń bá wá ọkọ, yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà yóò wo ojú mi bóyá ara mi yá. Mo ti mọ ẹ̀rín náà mọ́. Nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́, ó máa ń bí mi nínú. Nísinsìnyí, èmi gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ rín in. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ilé ìwé, tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì nítorí iṣẹ́ tí ẹ óò yàn, ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ gbọ́ tèmi. N kò ní kí ẹ wá ṣe é o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ènìyàn lè fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí oorun rẹ̀ sì dùn.

Ẹ̀dá-Oníyọ̀ ni wọ́n bí mi sí, níbi tí a kì í fi iṣu ṣeré. Ìyá mi wà lára àwọn tó mọ iṣu í gbìn jù níbẹ̀. Tí ó bá ti kọ ebè, àwọn ọkùnrin máa ń yà wò ó bí wọ́n bá ń lọ sóko tiwọn, wọn kò sì ní í sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn yà. Mo rò pé èmi náà yóò gbin iṣu títí ayé. Ọkọ ni mo fẹ́, tíṣà ni ní Ìdó, òun ló gbọ́ pé ọgbà ìwádìí kan ní Ìkọ̀lé ń gba òṣìṣẹ́. Wọ́n ní inú ọ́fíìsì ni n óò wà. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ọ́fíìsì ti kún, ìdí adágún nìkan ló ṣẹ́kù, nítorí pé kò sí ẹni tó fẹ́ kí eṣúṣú máa mu òun lẹ́jẹ̀. Mo gbà á. Ní ti owó oṣù, kò gba ìtàn: ó ń wọlé, ó ń jáde, a jẹun.

Ọ̀gá tó ń bójú tó adágún ń jẹ́ Ògúndáre, ọmọ Ìtapàjí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ilé Ògún ni wọ́n ti bí i, kò sì jẹ́ mú àdá láàárọ̀ láì kọ́kọ́ kí i. N kò gbọ́ kí ó pariwo mọ́ ènìyàn rí. Ì bá sàn kí ó máa pariwo. Tí mo bá ṣe nǹkan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò kàn dúró, yóò máa wo nǹkan náà, èmi náà á máa wò ó, títí n óò fi tú gbogbo rẹ̀ ká tí n óò tún un ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi ìpara olóòórùn para wá síbi iṣẹ́. Ó ní kí n padà sílé lọ wẹ̀. Mo ní mo ti wẹ̀. Ó ní oyin kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rin ìrìn náà lọ, mo rìn ín bọ̀, mo ń kùn bí agbọ́n lójú ọ̀nà.

Fún ọdún kan gbáko, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òdòdó. Ojú oró ni mo ń ṣa. Gbogbo yín lẹ máa ń gbàdúrà pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi ṣa ojú oró lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí ẹ tó tún gba àdúrà náà. Ohun tí ẹ ṣa lónìí, ẹ óò tún bá a níbẹ̀ tí ọ̀sẹ̀ bá yípo. Ọ̀gá ló là mí lọ́yẹ̀ pé ewé yìí kì í dúró de ọkọ. Ìyá á na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́, ọmọ á hù lẹ́nu okùn náà, ọmọ náà á tún na tirẹ̀. Bí ènìyàn bá fi ìbínú fà á ya, ṣe ló kàn bá wọn já okùn tó so wọ́n pọ̀, oníkálùkù á máa ṣe ayé tirẹ̀ lọ. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni kí o ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, kí o gbé tìyátọmọ jáde pọ̀.

Oríṣi òṣíbàtà méjì ló wà lódò wa. Ọ̀kan funfun, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń là, tí oòrùn bá sì ga díẹ̀ á padé. Èkejì jẹ́ aláró, kò tóbi, ọ̀sán ló máa ń là ní tirẹ̀. Aláró yìí ní àrà kan tí mo fẹ́ràn títí di òní. Ní ojú ewé rẹ̀, níbi tí igi ewé ti pàdé ewé gan-an, kókó kékeré kan máa ń yọ. Kókó náà á pa ewé wẹ́wẹ́, á ta gbòǹgbò, tí ewé àgbà bá sì ti rà, ọmọ á jábọ́ sómi, á lọ wá ibi tirẹ̀. Ọmọ tí kò ní bàbá nìyẹn. Àwọ̀ ìyá ni àwọ̀ rẹ̀, ìwọ̀n ìyá ni ìwọ̀n rẹ̀. Ọ̀gá ní a kò tilẹ̀ lè pè é lọ́mọ, ìyá fúnra rẹ̀ ni ó tún padà wá nígbà tí kò tíì lọ. Èyí tó bá ti inú hóró wá nìkan ni a lè pè lọ́mọ tòótọ́, nítorí òun ló ń mú lára ìyá tí ó ń mú lára bàbá, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ bí yóò ṣe rí kí ó tó là.

Nígbà tí ọdún yí, ó mú àpótí kan fún mi, ó ní kí n jókòó ti òdòdó aláró kan láti ìgbà tí ó bá là títí yóò fi padé, kí n wá sọ ohun tí mo rí. Mo sọ ọ́. Ó ní n kò tíì rí i. Mo tún jókòó. Ó ní n kò tíì rí i. Oòrùn ń pa mí, ìyà ń jẹ ìdí mi, mo sì ń bi ara mi pé ṣé ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kúrò lóko nìyí. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé omi díẹ̀ wà láàárín òdòdó náà lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ là, oyin kan sì já sínú rẹ̀, kò lè jáde mọ́. Mo sáré lọ sọ fún un. Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìmọ̀ iṣẹ́ náà wà. Lọ́jọ́ tí òṣíbàtà bá kọ́kọ́ là, obìnrin ni. Oyin tó ti ibòmíràn gbé àtíkè òdòdó bọ̀ á já sínú omi rẹ̀, omi á ṣan àtíkè náà kúrò lára rẹ̀, ó parí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, omi inú rẹ̀ á ti gbẹ, àtíkè tirẹ̀ á yọ, á wá di ọkùnrin. Tí a bá wá fẹ́ fi ọkọ tí ó wù wá fún un, a óò fi àwọ̀n bo ìtànná náà kí ó tó là rárá, kí oyin má baà ṣáájú wa. Tí ó bá là, a óò fi ìyẹ́ adìyẹ gbé àtíkè láti ara èyí tó ti di ọkùnrin, a óò gbọ̀n ọ́n sínú omi rẹ̀, a óò sì tún bò ó. Ọ̀gá ní alárinà ni wá. Ó ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba, nítorí náà kí n má máa ṣí àwọ̀n yọjú wò wọ́n. Tí ó bá ti gbà, òdòdó náà á rì, á lọ gbó nísàlẹ̀ omi, a óò sì di àpò aláwọ̀n mọ́ ọn, torí tí ó bá bẹ́, hóró rẹ̀ á léfòó, afẹ́fẹ́ á sì gbá gbogbo rẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí Ọ̀gá ń lé. Ẹnì kan tó ti ìrìn àjò dé ló mú òṣíbàtà òyìnbó kan wá fún ọgbà náà, elésè àlùkò ni, ó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń fẹ́. Àmọ́ ewé rẹ̀ kì í bímọ, òtútù ọyẹ́ kò sì bá a lára mu. Ọ̀gá fẹ́ fi aláró tiwa ṣe ìyá, kí ó fi òyìnbó ṣe ọkọ, kí wọ́n bí ọmọ tí yóò fẹ̀ bíi bàbá, tí ewé rẹ̀ yóò sì máa bímọ bíi ti ìyá. Ó ní òun kò fẹ́ fẹ̀yìn tì lọ́wọ́ òfo. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí n tó dé, mo sì bá a bọ́ sí i. Èso jẹrà, hóró kọ̀ láti hù, ìgbín jẹ èyí tó hù, èyí tí ìgbín kò jẹ sì wá jọ ìyá rẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwa wo ẹnu àáké tiwa dáadáa.

Nígbà tí yóò ṣe é, lọ́dún tí mo lóyún àkọ́bí mi, ọ̀kan là. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú bí ẹtù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde láró, àárín rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, ó sì fẹ̀ tó àwo. Ọ̀gá jókòó sórí sìmẹ́ǹtì, kò jẹun ọ̀sán. Mo sunkún, mo ní oyún ló fà á.

Ayọ̀ náà ní ẹ̀gún. Òdòdó náà kò so hóró kankan, bí ìbaaka tí kò lè bímọ. Ewé rẹ̀ náà kò bí nǹkan kan lọ́dún náà. Àwọn tí wọ́n jọ hù kò dàgbà. Nígbà tí ọyẹ́ dé, òyìnbó tí í ṣe bàbá rẹ̀ kú, a kò sì mọ ibi tí a ti lè rí òmíràn. Òun fúnra rẹ̀ wọ́ ewé, ó sùn, gẹ́gẹ́ bí òṣíbàtà ti máa ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ku iṣu rẹ̀ nísàlẹ̀, kò tó ẹyin adìyẹ. Gbogbo ohun tí Ọ̀gá ti ń lé láti ọdún pípẹ́ wá, inú iṣu kan ṣoṣo yẹn ló wà.

Sìmẹ́ǹtì adágún ti sán, wọ́n fẹ́ tún un rẹ́. Ọ̀gá hú iṣu náà, ó fi sínú igbá oníyanrìn tútù. Eku pọ̀ ní ilé ìkó-nǹkan-sí, ó gbé e wá sílé mi nínú ọgbà àwọn òṣìṣẹ́, ó ní ìdí àmù omi mi tutù, kí ọkọ mi gbé e síbẹ̀. Mo ti bímọ nígbà náà, obìnrin, Bọ́sẹ̀ ni a sọ ọ́. Ìyá mi ti Ẹ̀dá-Oníyọ̀ wá láti bá mi wẹ ọmọ. Kò sí nílé nígbà tí Ọ̀gá wá, ọjà ló lọ. Ọkọ mi gbé igbá sídìí àmù, ó sì padà sí Ìdó. Èmi àti ọmọ ti sùn lọ.

Ìyá mi tọjà dé, ó fẹ́ bu omi, ó rí iṣu kékeré nínú yanrìn tó rin gbingbin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣu, ẹ mọ ohun tí ó ṣe àgbẹ̀ inú rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ìwé yìí fẹ́ jẹ́ kí èèbù rà. Ó yọ ọ́ jáde, ó nù ún, ó gé e bí a ti í gé èèbù, ó fi eérú kùn ún, ó sì sá a sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó gbẹ. Orí rẹ̀ nìkan ni kò sá. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ìwọ́ Bọ́sẹ̀ já. Nílé tiwa, ìdí ohun tí ń so ni a ń sin ìwọ́ ọmọ sí. Ìyá mi ní iṣu tí wọ́n ń tọ́jú sínú igbá bí ẹyin, iṣu ọlọ́lá ni. Ó gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, lẹ́bàá ibi tí ó ti ń wẹ ọmọ, ó sin ìwọ́ síbẹ̀, ó gbin orí iṣu náà lé e, ó wúre fún ọmọ ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí mo jí, tayọ̀tayọ̀ ló fi ròyìn fún mi.

“Mo bá yín yọ uṣu yín lọ́wọ́ ikú,” ó ní. “Ta ló kọ́ yín pé ẹ fi uṣu sínú yanrìn tútù?”

Mo fò dìde. Mo jáde wo abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, èèbù wẹ́wẹ́ náà ti ń súnkì nínú ooru. Iṣu òṣíbàtà kò rí bíi tiwa, orí nìkan ni ojú rẹ̀ wà, ara rẹ̀ tó kù kò lè hù láyé. Mo ránṣẹ́ pe Ọ̀gá. Títí ó fi dé, mo gbé ọmọ lọ́wọ́, mo sì ń bẹ̀rù ojú rẹ̀ ju bí mo ti bẹ̀rù ìrọbí lọ.

Ó dé, ó wo èèbù, kò bínú. Ó kàn béèrè orí rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá mi. Ìyá mi nawọ́ sí ibẹ̀. Bí Ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ láti fi ọwọ́ yẹ erùpẹ̀ ni ìyá mi dúró níwájú rẹ̀.

“Ẹ mọ́ fọwọ́ kàn án, uwọ́ ọmọ mi ló wà nídìí ẹ̀.”

“Ìyá wa, uṣẹ́ ọdún gbọọrọ ni,” ni Ọ̀gá wí. “Kò sí òmíràn láyé.”

“Ọmọ náà ńkọ́? Mélòó rẹ̀ ló wà láyé?”

 Ìyá mi ṣàlàyé fún un pé ẹni tó bá hú ohun tí a gbìn lé ìwọ́, àfi bí ẹni hú ọmọ náà. Ọ̀gá sì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọmọ ilé àṣà ni òun náà. Èmi wà láàárín wọn, n kò mọ ẹ̀yìn ta ni kí n wà. Iṣẹ́ náà ti di tèmi. Ọmọ náà sì wà láyà mi, ó ń mu ọmú. Bí mo ti ń sọ ọ́ fún yín yìí, mo ṣì ń rántí bí ọkàn mi ṣe pín sí méjì. Ọ̀gá gbọn erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́, ó bọ́ sọ́nà, kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀. Mo ní ó ti tán nìyẹn.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó padà dé. Ó kó àwọn bíríkìlà tí ń tún adágún ṣe lẹ́yìn, wọ́n ru yanrìn, wọ́n ru sìmẹ́ǹtì. Ó ní bí a kò bá lè gbé e lọ sínú omi, a ó gbé omi wá bá a. Wọ́n mọ ògiri kékeré yí ibẹ̀ ká, kò ga ju orúnkún lọ, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ilẹ̀ àárín rẹ̀. Ìyá mi jókòó sórí àpótí, ó ń ṣọ́ wọn. Ó ní òun gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọwọ́ kankan, ọkọ́ kankan kò gbọdọ̀ wọ inú ilẹ̀ náà títí ẹni tó ni ìwọ́ yóò fi dàgbà tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá mú àdá rẹ̀, ó fi ẹnu kan irin rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilé Ògún mọ̀ pé kò sí ìbúra tó jù ú lọ.

Omi tí ìyá mi fi ń wẹ Bọ́sẹ̀ kò ní ọṣẹ nínú, bí ó bá ti ṣan án tán, inú ibẹ̀ ló ń dà á sí. Fún ìgbà pípẹ́, ẹrẹ̀ nìkan ni a ń rí. Ọ̀gá á kọjá láàárọ̀, á kí ìyá mi, á wo omi, á lọ. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi ló rí ewé pupa wẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ká bí ìwé. Ó ki oríkì ọmọ débi pé àwọn aládùúgbò rò pé àlejò pàtàkì ló dé. Kó tó padà sí Ẹ̀dá-Oníyọ̀, òun àti Ọ̀gá ti ń jẹ iṣu sísun pọ̀.

Òdòdó náà gbé ẹ̀yìn ilé mi, ó ń là lọ́dọọdún. Síbẹ̀, kò so hóró, ewé rẹ̀ kò sì bímọ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ń fi ìka tẹ ojú ewé kọ̀ọ̀kan wò. Àwa méjèèjì mọ̀ pé iṣu kéékèèké á ti máa yọ lára ti àgbà nísàlẹ̀ ilẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni òṣíbàtà rí. Ta ni yóò wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́? Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, ó lọ sílé ní Ìtapàjí, èmi ni mo di ọ̀gá adágún. Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, á gun ọ̀kadà wá, á jókòó ti ògiri kékeré náà, á wo òdòdó rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí itan. Bọ́sẹ̀ ní tirẹ̀ máa ń bẹ̀rù pé ohun tó bá ṣe òdòdó náà yóò ṣe òun. Lọ́dọọdún tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé tí ewé náà bá wọ́, orí ibùsùn mi ló ń wá sùn, á ní ara òun kò yá. Mo máa ń dọ́gbọ́n fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ n kì í tètè sùn.

Ayé iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Ìyẹ́ adìyẹ di búrọ́ọ̀ṣì, igbá di bàsíà oníke, àpò tí mo ń fi àkísà kọ́tìnnì rán di àwọ̀n nàìlọ́ọ̀nù tí wọ́n ń rà. N kò ṣàárò igbá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Bàsíà kì í fọ́. Yunifásítì dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ibi gbogbo ń wá wo adágún wa, wọ́n sì ń fi fóònù ya òdòdó kí wọ́n tó fi ojú wò ó. Lára àwọn olùkọ́ wọn ni Dókítà Hàdízà wà, ọ̀dọ́mọbìnrin ará Òkè Ọya tí Yorùbá rẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wọ bàtà tuntun. Ó ní jíjẹ ni wọ́n ń jẹ hóró òṣíbàtà lọ́dọ̀ tiwọn. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń gé ara ewéko tíntín láti ibi tí ó ti ń yọ ọ̀mùnú, tí a ń fi sínú ìgò pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀, tí ó sì ń di púpọ̀ láìrí ilẹ̀ láìrí òjò. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi fi ojú ara mi rí i. Ó wù mí, kí n má purọ́. Nígbà tí ó rí òdòdó ẹ̀yìn ilé mi, ó fẹ́ gé díẹ̀. Mo sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Mo rò pé yóò ní ìsọkúsọ ni. Ó ní òun kò mọ ibi tí ìwọ́ tòun wà.

Ìyá mi ṣaláìsí ní ọjọ́ ogbó. Níwọ̀n ìgbà tó wà láyé, kò sí ẹni tó jẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, èmi náà kò sì gbé e dìde lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì ni wọ́n sọ fún wa pé wọn óò wó àwọn ilé òṣìṣẹ́ náà kọ́ nǹkan mìíràn síbẹ̀. Katapílà kò mọ ìwọ́, kò mọ òṣíbàtà. Mo pe Bọ́sẹ̀ lórí fóònù. Ó ti di nọ́ọ̀sì ní Ìdó nígbà náà, bàbá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Mo rò ó fún un.  Ó wá ní kí n dúró di ọjọ́ ìsinmi òun.

Nígbà tí ó dé, wọ́n ti ń wó ilé tó ṣìkejì tiwa. Dókítà Hàdízà kó bàsíà wá. Ọmọ Ọ̀gá Ògúndáre fi mọ́tò gbé bàbá rẹ̀ wá láti Ìtapàjí. Ojú bàbá ti ṣú pátá, ọmọ rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ dé ibi ògiri kékeré náà. Ó fọwọ́ tọ́ sìmẹ́ǹtì rẹ̀ yípo. Bọ́sẹ̀ bọ́ bàtà, ó dúró létí omi, kò lè wọ̀ ọ́. Ọmọ tí ó ń gbẹ̀bí fún gbogbo ayé nìyẹn.

“Bàbá,” ó ní, “tí mo bá ní rárá ńkọ́?”

“A óò fi sílẹ̀,” ni Ọ̀gá dáhùn. “Mo ti fẹnu kan irin. Ùwọ lo ni ín.”

 Mo fẹ́ òdòdó náà, mo fẹ́ ẹ gan-an, mo sì tún fẹ́ sáré lọ fa ọmọ mi kúrò létí omi. N kò ṣe ọ̀kankan níbẹ̀. Bọ́sẹ̀ wo omi títí. Nígbà tó yá, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun ti sùn lórí ibùsùn ìyá òun tó. Ó ní ara òun le, kí òdòdó náà lọ bá tirẹ̀. Ó wọ inú omi, ó tẹ̀ ba, ó ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀ títí dé èjìká.

Ó kó ọwọ́ jáde, iṣu kéékèèké kún un, dúdú, wọ́n ń yọ̀. Ó kó wọn sínú bàsíà. Ó tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó tún kó wọn jáde, ó tún padà. Gbogbo ọdún tí a kò fọwọ́ kan ilẹ̀ náà, ṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i nísàlẹ̀. Nígbà tí bàsíà àkọ́kọ́ kún, Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹrẹ̀ wà ní imú rẹ̀. Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé bàsíà náà lé òun lẹ́sẹ̀. Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

Dókítà Hàdízà lóṣòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n pẹ̀lú Yorùbá jẹ́jẹ́ rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní lọ́dọ̀ wa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

“Jẹ́ kó kà wọ́n, Ìyá Bọ́sẹ̀,” ni Ọ̀gá wí. “Ojú mi ò rí wọn. Mo fẹ́ gbọ́ wọn.”

Mo ju ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kà wọ́n sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, Bọ́sẹ̀ ń kó wọn lé e lọ́wọ́, bàbá sì ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó kà á tán, Ọ̀gá ní kí ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.